Ẹni Tí Ó Ni Igbó Ni Kí Ó Ṣọ́ Igbó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àṣà lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé wa nígbàkigbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa igbó àti àwọn ẹranko inú rẹ̀. Wọn a ní ará oko ni ọ̀tá igbó. Wọn a ní ọdẹ ni ó pa ẹran tán, àgbẹ̀ ni ó dáná sun ilẹ̀, òpè tí kò mọ̀wé ni kò mọ iyì igi. Oògùn tí wọ́n sì ń júwe fún àrùn náà kò ju ọ̀kan ṣoṣo lọ: kí ìjọba gba igbó, kí ó fi àmì sí i, kí ó gbé ìbọn lé ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, kí ó sì lé ará oko jáde. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé, mo ti kà á nínú ìwé ìròyìn, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí baba tí ó bí wọn lọ́mọ jẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé irọ́ gbáà ni. Ibi tí igbó àti ẹranko ti ṣẹ́ kù sí lónìí, àwọn tí wọ́n ni igbó náà ni a óò bá níbẹ̀ tí wọ́n dúró tì í. Ibi tí wọ́n sì ti gba igbó lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, òfìfo ni a sábà máa ń bá.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n ṣàlàyé irú ẹranko tí mo ní lọ́kàn. Kì í ṣe gbogbo ọ̀bọ. Àwọn tí kò ní ìrù ni mo ń wí, àwọn tí ọpọlọ wọn àti ìṣesí wọn súnmọ́ tiwa ju ti ẹranko yòókù lọ. Ìnàkí ni àwọn àgbà wa ń pe èyí tí àwọn Òyìnbó mọ̀ sí ṣimpansíì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ń fi orúkọ yìí kan náà pe ẹranko mìíràn tí ó jọ ọ́. Gòrílà kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà n óò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ayé ti ń pè é. Ẹ̀yà ìnàkí mẹ́rin ni ó wà láyé. Èyí tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni ó kéré jù lọ níye; àwọn onímọ̀ kò rò pé ó ju 9,000 lọ. Gòrílà tí ó wà ní agbègbè odò Cross River, ní ẹnubodè Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò tó 300, èyí tí ó wà ní apá ti Nàìjíríà kò sì ju nǹkan bí 100 lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ní yunifásítì wa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá pa ọ̀yà kan lónìí, ọ̀yà mìíràn yóò dé kí ọdún tó yí po. Òkété a máa bí ọmọ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Abo gòrílà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ni ó sábà ń bí, ó sì máa ń tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó bí òmíràn. Ìnàkí náà kò yára jù ú lọ. Ẹni tí ó bá pa ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó fi ọta kan ṣoṣo bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹranko nìkan ni a pàdánù. Èso ni oúnjẹ wọn pàtàkì. Wọ́n ń gbé kóró èso náà mì, wọ́n sì ń yà á sí ibi tí ó jìnnà sí ìdí igi tí ó so ó, níbẹ̀ ni igi tuntun yóò ti hù. Àgbẹ̀ ni wọ́n jẹ́ fún igbó. Bí wọ́n bá kú tán, àwọn igi ńláńlá kan yóò máa darúgbó láìní àrólé.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlà-oòrùn nìkan ni èyí. Ìnàkí wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó wà nínú igbó Ìṣẹ̀ ní Èkìtì, ó wà nínú igbó Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, a sì ti rí i rí nínú igbó Òmo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 ti kìlọ̀ pé ó fẹ́ẹ́ parẹ́ pátápátá ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tí mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè ibi tí ìnàkí ń gbé, inú ọgbà ẹranko ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn dárúkọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n lè sọ ìtàn Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni wọ̀nyí, tí wọ́n mọ̀ pé ọdún 1938 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè dárúkọ igi igbó márùn-ún ní èdè Yorùbá. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹnì kan ni ó gba igbó kúrò lọ́wọ́ àwọn baba wọn kí a tó bí wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe gbà á? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í pààlà sí àwọn igbó ńláńlá, tí wọ́n ń sọ wọ́n di ohun tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní igbó ọba. Igbó Òmo di ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 1925. Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n ọba tí wọ́n ń wí kì í ṣe ọba ìlú. Ìdí tí wọ́n fi pààlà náà kò sì fara sin: gẹdú ni wọ́n ń fẹ́. Nígbà tí òmìnira dé, ìjọba tiwa-n-tiwa jókòó sórí àga kan náà. Nígbà tí ó di ọdún 1978, Òfin Lílo Ilẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àṣẹ gómìnà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó ń gbé inú ọ́fíìsì ní olú-ìlú ti ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ gẹdú fún igbó tí kò wọ̀ rí. Nínú igbó Òmo yìí kan náà, wọ́n ro igbó àdáyébá, wọ́n gbin igi melína síbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, nítorí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópin tí kò mú èso tí a ń retí jáde. Igbó lọ, bébà kò dé.

Ẹ wo ohun tí ètò yìí ń ṣe sí ọkàn ènìyàn. Ará abúlé tí igbó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ń rí ọkọ̀ agbégẹdú tí ń kọjá lóru. Kò rí kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀. Bí ó bá gé igi kan fi kọ́lé, wọ́n lè mú un. Bí ó bá pariwo lé agégẹdú, agégẹdú yóò fi ìwé àṣẹ hàn án. Kí ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò ṣe? Yóò ní kí òun náà mú tòun kí ó tó tán. Yóò ro oko kòkó wọ inú igbó ọba, yóò dẹ pàkúté onírin, yóò ta ẹran ìgbẹ́ létí títì. Nígbà náà ni ọ̀mọ̀wé yóò dé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ pé ará oko ni ọ̀tá igbó. Kò ní kọ ọ́ pé olówó igbó ni wọ́n sọ di olè inú igbó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Igbó wa ni a tà lọ́pọ̀ yìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé kò sí ọ̀nà mìíràn, kí ó bá mi kálọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Boki ní ìpínlẹ̀ Cross River. Àwọn òkè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mbe. Igbó orí wọn kò tóbi, ó tó nǹkan bí 85 kìlómítà níbùú-lóròó, ṣùgbọ́n ibi tí ó wà ṣe pàtàkì: ó dúró láàárín òkè Afi àti igbó Okwangwo, ó dà bí afárá tí gòrílà lè gbà láti ọ̀kan dé èkejì. Ibi mẹ́ta yìí nìkan ni gòrílà ṣẹ́ kù sí ní Nàìjíríà. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ Afi di ibi ààbò ẹranko ní ọdún 2000. Okwangwo wà nínú ọgbà ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Mbe nìkan ni kò sí lọ́wọ́ ìjọba kankan. Àwọn ìletò mẹ́sàn-án tí wọ́n yí i ká ni wọ́n ni ín, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2005, àwọn ìletò mẹ́sàn-án yìí para pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú òkè náà. Àwọn aṣojú ìletò ni wọ́n ń jókòó ṣe ìpinnu. Láàárín àwọn ọmọ ìletò ni wọ́n ti ń yan ẹ̀ṣọ́ tí ń rin igbó, tí ń tú pàkúté, tí ń kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbáyé kan tí ń rí sí ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́, Wildlife Conservation Society, ń ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú owó àti ìmọ̀, ṣùgbọ́n kò gba igbó lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2020, kámẹ́rà tí wọ́n fi pamọ́ sára igi lórí òkè Mbe ya àwòrán agbo gòrílà kan tí ó kó ọmọ oríṣiríṣi ọjọ́ orí dání. Òkìkí àwòrán náà kàn káàkiri ayé, nítorí ó fi hàn pé gòrílà ń bímọ, àwọn ọmọ náà sì ń dàgbà. Ẹranko yìí ni àwọn kan ti rò pé ó ti tán ní Nàìjíríà, kí àwọn olùwádìí tó tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980 pé ó wà. Àwọn ọdẹ Boki kò bá wọn rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí ó ń sùn. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo àwọn ará Ekuri, ní ìpínlẹ̀ Cross River bákan náà. Ìlú méjì ni wọ́n, Ekuri Àtijọ́ àti Ekuri Tuntun, igbó tí wọ́n sì jọ ni tó 33,600 hẹ́kítà. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn agégẹdú wá bá wọn pé àwọn yóò la ọ̀nà dé ìlú wọn bí wọ́n bá lè jẹ́ kí àwọn gé igi. Ẹ rántí pé ìlú tí kò ní ọ̀nà ni wọ́n fi ọ̀nà tàn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n kà iye igi wọn, wọ́n ṣe òfin tiwọn nípa èyí tí a lè gé àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, wọ́n ń ta àpọ̀n àti ewé afang tí wọ́n ń rí nínú igbó, wọ́n sì ń fi lára owó náà tún ìlú ṣe. Ní ọdún 2004, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún wọn ní ẹ̀bùn Equator nítorí iṣẹ́ yìí.

Ta ni ó wá di ọ̀tá igbó Ekuri? Ní ọdún 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin de gígé igi pátápátá. Ó dà bí ohun rere, ṣùgbọ́n òfin náà kò ya ẹni tí ń gé igi pẹ̀lú ètò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń jí i gé. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí kan náà kéde pé òun gba ilẹ̀ kìlómítà mẹ́wàá lọ́tùn-ún àti mẹ́wàá lósì òpópónà ńlá kan tí òun fẹ́ là, tí gígùn rẹ̀ tó 260 kìlómítà. Ìkéde kan nínú ìwé ìròyìn fẹ́ẹ́ sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú di aláìnílé lórí ilẹ̀ baba wọn. Àwọn ará Ekuri àti àwọn tí wọ́n dúró tì wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, ayé sì gbọ́. Nígbà tí ó yá, ìjọba fagi lé gbígba ilẹ̀ náà, ó sì yí ipa ọ̀nà náà padà. Mo bẹ̀ yín, nínú ìjà yìí, ta ni ó dáàbò bo igbó, ta sì ni a gba igbó sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Ká ní igbó ọba ni, ta ni ì bá dìde?

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ. Wọn yóò ní ọdẹ ni ó ń pa ìnàkí, kì í ṣe gómìnà. Òótọ́ ni. N kò sọ pé ará oko jẹ́ áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó mọ ipa ẹsẹ̀ ìnàkí láti pa á ni ó mọ̀ ọ́n láti ṣọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ ọdẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ apẹran nìkan. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ìlú lóru, olúọdẹ sì ní àṣẹ lórí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe ohun tí kò tọ́. Nínú igbó Ìṣẹ̀, Rachel Ikemeh, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Whitley ní ọdún 2020 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìnàkí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kò wá ẹ̀ṣọ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Àwọn mìíràn yóò dìde láti apá kejì. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ràn àṣà ju bí ó ti yẹ lọ. Wọn yóò ní kí a kàn padà sí èèwọ̀ àwọn baba wa, gbogbo nǹkan yóò sì tò. Wọn yóò rán mi létí pé ìdílé tí ó bí ìbejì kì í jẹ ẹdun, pé Ẹdúnjọbí ni a ń pe ìbejì. Wọn yóò ní àwọn ará Kagwene ní Kamẹrúùnù gbà pé ènìyàn ni gòrílà, nítorí náà wọn kì í jẹ ẹ́, àti pé ní Lebialem ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, wọ́n gbà pé ẹ̀mí ènìyàn kan lè so pọ̀ mọ́ ti gòrílà tí ó fi jẹ́ pé bí a bá pa ọ̀kan, èkejì yóò kú. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo èyí, iṣẹ́ mi sì ni láti kọ́ni ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ nìkan kò tó, ẹ̀rí sì wà.

Ní Bossou ní orílẹ̀-èdè Guinea, àwọn ènìyàn Manon gbà pé àwọn baba ńlá wọn ni ó tún ayé wá gẹ́gẹ́ bí ìnàkí. Wọn kì í pa á. Láti ọdún 1976 ni àwọn olùwádìí láti Japan ti ń kíyè sí àwọn ìnàkí náà. Nígbà náà wọ́n tó nǹkan bí ogún. Lónìí wọn kò tó mẹ́wàá. Èèwọ̀ dáàbò bo ẹranko, ṣùgbọ́n oko yí igbó ká títí àwọn ìnàkí náà fi di ẹni tí ó dá wà ní erékùṣù, tí ọ̀dọ́ wọn lọ tí kò sí ẹni tí ó wọlé wá. Ní ọdún 2003, àìsàn èémí kan dé, ó pa márùn-ún nínú wọn. Ní Wamba, ní orílẹ̀-èdè Kóńgò Olómìnira ti ìjọba tiwa-n-tiwa, èèwọ̀ ni láti jẹ ẹranko tí wọ́n ń pè ní bonobo, tí ó jẹ́ ìbátan ìnàkí. Nígbà tí ogun dé láàárín ọdún 1996 sí 2002, ebi àti ìbọn dé pẹ̀lú rẹ̀, àwọn kan tí èèwọ̀ náà kò kàn wọ inú igbó, iye bonobo sì wálẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Kokolopori ní agbègbè yẹn kò dúró lórí èèwọ̀ nìkan. Wọ́n yan ọmọ wọn láti máa tọpa bonobo lójoojúmọ́, wọ́n bá ìjọba jíròrò, ní ọdún 2009 ìjọba sì fi òǹtẹ̀ lu igbó wọn gẹ́gẹ́ bí ibi ààbò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí. Èèwọ̀ jẹ́ òfin, òfin sì nílò ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Láyé àtijọ́, èèwọ̀ igbó múlẹ̀ nítorí pé ẹni tí ó ka nǹkan léèwọ̀ ni ó ni àṣẹ lórí igbó. Baálẹ̀ lè pe àlejò kí ó sì lé e padà. Nígbà tí wọ́n gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, èèwọ̀ rẹ̀ di ìtàn tí a ń sọ fún ọmọdé. Ẹni tí ó bá ń ṣọ̀fọ̀ pé àṣà wa ti kú, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó gba idà lọ́wọ́ àṣà náà.

Àtakò kẹta ni ti ebi. Wọn yóò ní ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù, kí ni ìnàkí jámọ́ níwájú ọmọ tí kò jẹun. Èmi náà kò ní wàásù fún un. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà jẹ́ ẹni tí ebi ń pa. Ọkọ̀ gẹdú tí ó ń lọ sí ìlú ńlá kò gbé oúnjẹ bọ̀ wá sí abúlé. Bí gbogbo igi bá tán, odò tí abúlé ń pọn yóò gbẹ, àpọ̀n tí obìnrin ń ṣà tà kò ní sí mọ́, ilẹ̀ yóò ṣá. Ará oko mọ èyí ju ọ̀mọ̀wé lọ. Ohun tí kò ní ni ìdánilójú pé igi tí òun dá sí lónìí, ẹlòmíràn kò ní gé e lọ́la. Ẹ fún un ní ìdánilójú náà, ẹ ó sì rí i pé ọgbọ́n kò wọ́n ọn. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ta ni yóò da omi sí ọ̀nà tí wọ́n ti sọ fún un pé kì í ṣe tirẹ̀?

Nípa àwọn tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni èyí, èsì mi kò gùn. Òótọ́ ni pé onímọ̀ ará Jámánì kan, Matschie, ni ó fún gòrílà Cross River ní orúkọ ìjìnlẹ̀ ní ọdún 1904. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ rí i, kò sì sí àgbègbè igbó tí ẹranko yìí ń gbé tí àwọn onílẹ̀ kò ti ní orúkọ tiwọn fún un. Owó ilẹ̀ òkèèrè wúlò, èmi kò sì ní ká kọ̀ ọ́. Àmọ́ owó náà ní ọjọ́ tí yóò tán. Ọ̀gá tí wọ́n rán wá yóò padà sílé. Ohun tí ó lè dúró ni ìgbìmọ̀ tí ọmọ ìlú jókòó sí, tí ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí ó sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rí àwọn iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ti ará ìlú tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ìpinnu ti parí ni wọ́n ń pe ará ìlú láti wá jẹ ìrẹsì kí wọ́n sì ya fọ́tò. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí mo ń wí.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ṣòro láti sọ. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì, Oǹdó àti Ògùn fi òfin dá àwọn ìlú tí wọ́n yí igbó Ìṣẹ̀, Ìdànrè àti Òmo ká mọ̀ gẹ́gẹ́ bí alájọni, kí wọ́n má ṣe fi wọ́n ṣe alágbàṣe lásán. Kí ìwé àṣẹ gẹdú kankan má ṣe jáde láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí i ní gbangba, kí a sì ka iye owó rẹ̀ sí etí gbogbo wọn. Kí a gba ẹ̀ṣọ́ igbó láti inú ẹgbẹ́ ọdẹ àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, kí a sì san owó oṣù wọn lásìkò, nítorí ẹ̀ṣọ́ tí a kò sanwó fún kò jìnnà sí agégẹdú. Àgbẹ̀ tí oko kòkó rẹ̀ ti wà nínú igbó, kí a bá a jókòó, kí a fi ààlà sí ibi tí ó dé, kí ó sì mọ̀ pé lẹ́yìn ààlà náà, àwọn ará ìlú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bi í léèrè. Kí àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá náà sì kó àwọn ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ọdẹ tí ó ṣẹ́ kù, kí a gba orúkọ igi àti ti ẹranko sílẹ̀, nítorí ohun tí a kò bá lè dárúkọ rẹ̀, a kì í mọ̀ nígbà tí ó bá lọ.

Kò sí èyí tí ó jẹ́ àlá nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Àwọn ìletò mẹ́sàn-án ní Boki ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ọdún 2005, wọn kò sì dúró de ìjọba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ekuri ti fi hàn pé ìlú kékeré lè kọ̀ fún agégẹdú, ó sì lè kọ̀ fún gómìnà. Ìnàkí Ìṣẹ̀ àti ti Ìdànrè kò pọ̀ débi tí a óò fi máa ṣe ìpàdé lórí wọn fún ọdún mẹ́wàá mìíràn. Mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́: ẹ dá igbó padà fún ẹni tí ó ni ín, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bi í léèrè ìnàkí.